Ẹ Bi Ìyá Oníkásẹ́ẹ̀tì: Obìnrin Tó Wọ Ẹ̀wù Jang-geum

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ní oṣù tó kọjá, ìlà mélòó kan péré ni mo kọ nípa Lee Young-ae, òṣèré Kòríà tó ṣe Jang-geum, alásè ààfin tó wá di oníṣègùn, nínú eré tí gbogbo wa mọ̀ sí Jewel in the Palace. Mo ní kí n kàn fẹnu bà á kí n padà sórí fíìmù tiwa ni. Àfi bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Àwọn kan gba orí fóònù wá, àwọn kan ki tiwọn bọ abẹ́ ilẹ̀kùn mi ní Ṣómólú. Obìnrin kan tilẹ̀ dá mi dúró ní ọjà Òyìngbò tòun ti ẹja tútù lọ́wọ́, ó ní mi ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí mo bá sọ fún òun bóyá Jang-geum fẹ́ ọkọ. Nítorí náà, Lee Young-ae ló ni gbogbo ojú ìwé tòní. Ẹ̀yin tí ẹ bi mí nípa fíìmù Yorùbá, ẹ fara dà á fún mi.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé: ọdún 14 ni mo fi yá àwọn ènìyàn ní kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà sídíì, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ṣómólú. Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń ra ọjà mi. Bí mo ṣe di Ìyá Oníkásẹ́ẹ̀tì nìyẹn, bí kásẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ ti di ohun àná.

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èwo ni orúkọ bàbá nínú Lee Young-ae? Ọkọ mi ní Young-ae ni, èmi ní Lee ni. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà la fi ta á.*
Ìyàwó Àpọ́nlé, Èbúté Mẹ́ta

Gba owó rẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lee ni orúkọ ìdílé, òun ló sì máa ń ṣáájú ní Kòríà, bí ìgbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ nínú kíláàsì. Young-ae ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn ará Kòríà fúnra wọn kì í pe “L” tó wà níwájú yẹn rárá, “I” lásán ni wọ́n ń pè é. Obìnrin wọn kì í sì í gba orúkọ ọkọ tó bá ṣègbéyàwó. Tìyẹn náà, sọ ọ́ fún ọkọ rẹ, ṣùgbọ́n gba owó rẹ ná.

*Màmá wa, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní Ìta Fájì. Àwọn oníbàárà mi ń bá mi jiyàn pé ìtàn Jang-geum ò ṣẹlẹ̀ rí, pé irọ́ fíìmù ni. Ṣé ó gbé ayé? Àti pé ṣé obìnrin tó ṣe é mọ oúnjẹ sè lóòótọ́?*
Olóúnjẹ, Ìta Fájì

Ọmọ mi, ó gbé ayé. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ẹ̀kún ọwọ́ kan lọ. Àwọn ọba Joseon tó jẹ ní Kòríà láti 1392 ní àwọn akọ̀wé tó ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàfin sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú àkọsílẹ̀ ti Ọba Jungjong, tó wà lórí oyè láti 1506 sí 1544, orúkọ obìnrin oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Jang-geum jáde níbi mélòó kan. Wọ́n fún un ní ìrẹsì, wọ́n fún un ní ẹ̀wà, torí pé ó tọ́jú àwọn ará ààfin. (O rí i? Ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ọjà rẹ gan-an.) Ní 1544, ọdún tí ọba náà wàjà, ọba fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ pé ó sọ pé obìnrin oníṣègùn náà ló mọ àìsàn tó ń ṣe òun.

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn láti ẹnu ọba, torí pé ipò àwọn obìnrin oníṣègùn wọ̀nyẹn rẹlẹ̀ gan-an. Àwọn ẹrú ìjọba ni wọ́n ti ń mú wọn. Wọ́n dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí pé àwọn obìnrin ilé ńlá kò ní gbà kí ọkùnrin fọwọ́ kan ara wọn, wọ́n á kúkú kú.

Ibi tó mọ nìyẹn o. Ilé ìdáná, ìwà àbòsí ìdílé Choi, ìfẹ́ òun àti Min Jeong-ho, inú Kim Young-hyun tó kọ eré náà ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Obìnrin ni. Lee Byung-hoon ló darí rẹ̀, ọkùnrin tó ti ṣe eré mìíràn rí nípa oníṣègùn ààfin, Hur Jun. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n MBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní September 2003, gbogbo Mọ́ńdè àti Túsìdè, títí di March 2004. Apá 54 ni. Nígbà tó gbóná jù, ó lé ní 50 nínú ilé 100 tó ń wò ó. Ẹ má sì rò pé wọ́n ti yà á tán kí wọ́n tó máa fi hàn. Nígbà yẹn ní Kòríà, bí wọ́n ṣe ń yà á ni wọ́n ń gbé e jáde, débi pé ìwé ọ̀rọ̀ tí òṣèré máa sọ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yà á. Lee Young-ae gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Ní ti oúnjẹ, ẹni tó dúró ti ilé ìdáná eré náà ni Han Bok-ryeo, ọ̀gá àgbà nínú oúnjẹ ààfin Kòríà. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, ìyá rẹ̀ sì kọ́ ọ lọ́wọ́ Han Hui-sun, obìnrin tó kẹ́yìn nínú àwọn tó dáná fún ọba Joseon. Nítorí náà, abọ́ tí o rí lórí tábìlì ọba yẹn kì í ṣe àlá ẹnì kan, ó ní ìran. Lee Young-ae wà lára àwọn òṣèré tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Òṣèré tó kọ́ ọ̀bẹ mú ni mo sọ o, n ò sọ pé kó wá bá ọ dá iná.

Ṣùgbọ́n ìwọ tó ń tà oúnjẹ, ibì kan wà tí mo fẹ́ kí o padà lọ wò. Nígbà tí Jang-geum ṣì kéré (ọmọdé kan, Jo Jung-eun, ló ṣe ìyẹn), Ìyáàfin Han, ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìdáná ààfin nínú eré náà, ní kó lọ bu omi wá fún òun mu. Ó bu ú. Ìyáàfin Han ní kó tún un bù. Ó bu omi gbígbóná, ó bu omi tútù, ó já ewé lé e lórí. Wọ́n dá a padà títí. Ìgbà tó yá ló wá ronú, ó bi Ìyáàfin Han pé: ṣé inú ń run yín? Ṣé ẹ ti yàgbẹ́ lónìí? Ṣé ọ̀fun ń dun yín? Ìyáàfin Han ní ọ̀fun máa ń dun òun. Ọmọ náà wá bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó ní kí wọ́n rọra máa mu ún bíi tíì. Ohun tí wọ́n ń retí látọjọ́ yẹn kì í ṣe omi, ìbéèrè ni.

Ìyá mi ló ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní ìdí ọkọ̀ ní Fadéyì fún ogún ọdún. Ọjọ́ tí mo tú ibi omi yẹn sí Yorùbá fún un, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló ní, “Ọmọ náà mọ ọjà tà.”

Àti ibi èso. Olórí ilé ìdáná bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n fi mú ẹran náà dùn. Gbogbo wọn ní ṣúgà. Jang-geum ní hongsi ni, èso wọn kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó rọ̀ bíi tòmátì tó ti pọ́n jù. Wọ́n ní báwo lo ṣe mọ̀? Ó ní bí òun ṣe jẹ ẹ́, hongsi ni ẹnu òun ń gbọ́, ìdí nìyẹn tí òun fi ní hongsi ni. Ẹni tó bá ti jẹ àgbálùmọ̀ lórí títì Èkó nínú ọyẹ́ mọ ohun tí ọmọ yẹn ń sọ. Ta ló máa bi ọ́ pé báwo lo ṣe mọ̀ pé àgbálùmọ̀ ni?

*Ìyá Oníkásẹ́ẹ̀tì, inú ń bí mi sí yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n wo òṣèré yẹn dáadáa. Ọmọ mi bá mi wá fíìmù rẹ̀ kan, àfi bí mo ṣe rí Jang-geum tó kun tìróò pupa, tó ń gbé ìbọn, tó ń bú ẹni Ọlọ́run. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Kí ló dé tó ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ báyìí?*
Ìyá Ìjọ, Mushin

Ẹ dákun, ẹ jókòó, mà. Fíìmù tí ẹ rí ni Lady Vengeance, Park Chan-wook ló darí rẹ̀ ní 2005, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Jang-geum parí. Geum-ja ni wọ́n ń pe obìnrin inú rẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 13 lórí ọmọ tí kò pa. Ọjọ́ tó jáde, oníwàásù dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú abọ́ tofu funfun, ohun tó dà bíi wàrà sóyà tí wọ́n ń tà fún wa. Àṣà wọn ni: ẹni tó bá jáde lẹ́wọ̀n á jẹ ẹ́, kí ọkàn rẹ̀ lè funfun, kó má padà síbẹ̀ mọ́. Geum-ja da abọ́ náà nù. Ó wá sọ gbólóhùn kan tí gbogbo Kòríà ń sọ títí dòní. 

Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ò lè jẹ adùn gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n Yorùbá lè jẹ ẹ́. Èdè Kòríà ní “ìwọ” àti “ẹ̀yin” ti ọ̀wọ̀ bíi tiwa, ọ̀rọ̀ ìṣe wọn sì máa ń yàtọ̀ fún àgbà àti fún ọmọdé. Ohun tí Geum-ja ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ìwọ” tí wọ́n fi ń pe ọmọdé, ó fi ọ̀wọ̀ parí rẹ̀. Bí ìgbà téèyàn bá sọ fún bàbá àgbàlagbà pé: “Ìwọ yìí, ẹ gbọ́ tara yín, sà.” Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣé ẹ rí bó ṣe ń ta èèyàn lára?

Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ pa tẹlifíṣọ̀n, mà. Ṣé ẹ mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe àwọn òṣèré tiwa náà nìyẹn? Obìnrin tó bá ṣe ìyá ọkọ burúkú nínú fíìmù mẹ́ta, tó bá débi tí wọ́n ti ń ta ata, aláta náà á gbówó lé e, tàbí kó ní òun ò tà. Wọ́n á ní ìwọ lo pa ìyàwó ọmọ ẹ. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti rí oníbàárà tó fi èékánná họ ojú òṣèré kan lára páálí kásẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì tèmi, tí mo fi owó rà!

Ti ìyá mi ló tún wá ju tiyín lọ. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ti ń wo Jang-geum lálẹ́, èmi ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, tí n ó sì máa tú u sí Yorùbá fún un. Gẹ̀ẹ́sì orí sídíì ayédèrú yẹn náà, ẹ mọ bó ṣe rí: ibòmíràn, èmi ni mo ń dá ìtàn sọ. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Ìyáàfin Han àti Jang-geum lórí ẹran pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n lé wọn lọ sí erékùṣù Jeju, tí Ìyáàfin Han wá kú sẹ́yìn Jang-geum tó pọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà, ìyá mi sunkún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tó ń gbàdúrà ní yàrá. Ó gbàdúrà fún èmi, fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, fún Jang-geum. Ó ní kí Ọlọ́run gbé e dé ilé.

Mi ò lè sọ fún un pé wọ́n ti ya eré náà tán láti 2004. 

Ìgbà tó wá rí páálí Lady Vengeance nínú àpò ọjà tí mo gbé dé láti Ìdúmọ̀tà, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ta ló ṣe ọmọ yìí báyìí?” Mo ní, Màmá, òun náà ló ní kí wọ́n ṣe òun bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó wo páálí, ó wò mí. Ó ní, “Ó mọ̀ ọ́n ṣe o, tó bá jẹ́ pé òun náà ni.”

Mi ò rí alárìíwísí tó sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, mà: Lee Young-ae mọ̀ pé gbogbo ayé ti rán ẹ̀wù Jang-geum mọ́ òun lára. Ó lè wọ̀ ọ́ títí dọjọ́ alẹ́, kó máa jẹ owó rẹ̀. Ó lọ wọ òmíràn tí kò bá tàkọ́kọ́ mu níbì kankan. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó dára jù ní Blue Dragon, ọ̀kan nínú ẹ̀bùn fíìmù tó tóbi jù ní Kòríà. Orúkọ rẹ̀ ò bàjẹ́, mà. Ẹ̀wù ló pààrọ̀. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n padà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, torí fíìmù náà le.

*Ẹ káàsán, mà. Mò ń kọ́ eré orí ìtàgé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akoka. Ọmọ ọdún 29 ni mí, àwọn tí a jọ ń ṣe é ní mo ti pẹ́ jù. Ọmọ ọdún mélòó ni Lee Young-ae nígbà tó bẹ̀rẹ̀?*
Akẹ́kọ̀ọ́, Akoka

Ọjọ́ 31 January 1971 ni wọ́n bí i ní Seoul. Bá mi ṣírò rẹ̀: nígbà tí Jang-geum bẹ̀rẹ̀ ní September 2003, ọmọ ọdún 32 ni. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́nu iṣẹ́. Èdè Jámánì ló kọ́ ní Yunifásítì Hanyang, lẹ́yìn náà ló tún lọ gba oyè kejì nínú eré àti fíìmù ní Chung-Ang. Ìpolówó ọjà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ná. Ó ṣe ti ṣokoléètì kan pẹ̀lú Andy Lau, gbajúgbajà ará Hong Kong. Ó polówó ìpara débi pé wọ́n sọ ọ́ ní “obìnrin tó dà bí afẹ́fẹ́ tí à ń mí.” Ìpolówó rẹ̀ wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Kòríà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: wọ́n ní Lee Young-ae jí, ó fi ọṣẹ tó polówó wẹ̀, ó mu ohun tó polówó, ó pe ọ̀rẹ́ pẹ̀lú fóònù tó polówó, títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n fi odindi ọjọ́ kan kún un.

Ọdún 1993 ló bẹ̀rẹ̀ eré tẹlifíṣọ̀n ní iléeṣẹ́ SBS. Kò sí ẹni tó pariwo. Wọ́n ní ó rẹwà, ìyẹn ni pé wọ́n ò tíì rí nǹkan mìíràn. Ní 2000 ló ṣe fíìmù Joint Security Area, nípa ìbọn tó dún ní ẹnubodè Kòríà méjèèjì. Òun ni ọ̀gá sójà láti Switzerland tó wá wádìí rẹ̀. Ní 2001 ló ṣe One Fine Spring Day, níbi tó ti bi ọkùnrin kan bóyá ó máa jẹ ramyeon. Ramyeon, ìyẹn indomí. Láti ọjọ́ yẹn, tí obìnrin bá bi ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Kòríà, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá indomí. 

Nítorí náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ní o ti pẹ́, ìwọ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti ṣe láti àná.

*Mo kí yín, mà. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni mí. Ìyàwó mi ní obìnrin náà ti kú láti ọdún gbọọrọ, torí pé kò rí i mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá níyé.*
Bàbá Àgbà, Sùúrùlérè

Ó wà láyé, sà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n màmá ò jẹ̀bi, torí pé ó pòórá lóòótọ́. Lẹ́yìn Lady Vengeance, wọ́n pè é ní 2006 láti wá wà lára àwọn onídàájọ́ ní àjọ̀dún fíìmù Berlin. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí fíìmù, kò sí eré tẹlifíṣọ̀n. Ní August 2009, ó ṣègbéyàwó ní Hawaii pẹ̀lú oníṣòwò kan tó jẹ́ ọmọ Kòríà tó ń gbé Amẹ́ríkà. Ọwọ́ lọ́yà ni àwọn oníròyìn ti gbọ́. Ẹ wo nǹkan! Gbajúmọ̀ tí gbogbo Éṣíà mọ̀, kò sí aṣọ ẹbí, kò sí kánópì dí títì, kò sí onílù tó dá ọkọ dúró. Ní Èkó níbí, ẹni tó ra ọkọ̀ alájẹkù á dí àdúgbò pa fún ọjọ́ kan.

Ní February 2011 ló bí ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ká ní ìtòsí wa ló wà ni, ìyá ìbejì la ó máa pè é, a ò sì ní jẹ́ kó kọjá láì ta á lọ́rẹ. Ó kó wọn lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Munho-ri, ní Yangpyeong lẹ́yìn Seoul, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ nínú ọgbà ilé wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ tó iléèwé ló kó wọn padà sí Seoul. Ìròyìn kan ṣoṣo tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà yẹn tí kò kan ilé rẹ̀ ni ti 2014: tọkọtaya ará Taiwan kan wá sí Seoul, oyún ìyàwó kò tíì gbó tó fi bímọ, ọmọ náà nílò iṣẹ́ abẹ, owó ò sí. Lee Young-ae san owó ilé ìwòsàn náà.

January 2017 ló tó padà sórí tẹlifíṣọ̀n, nínú Saimdang. Ọdún 13 sí Jang-geum, sà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí Jang-geum parí ti ń wọ JSS. Saimdang kò gbóná tó bí wọ́n ṣe retí, ká sọ òótọ́. Àwọn ènìyàn ń wá Jang-geum nínú rẹ̀, wọn ò rí i. Ṣùgbọ́n ó ṣe fíìmù Bring Me Home ní 2019, ó ṣe ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù. Ní 2021 ló ṣe Inspector Koo, òun ni mo sì fẹ́ kí màmá wò. Ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí ni obìnrin inú rẹ̀, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru, irun rẹ̀ wúruwùru, ó ń mutí, ilé rẹ̀ ń rùn. Obìnrin tí wọ́n ní ó dà bí afẹ́fẹ́! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dìde kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ní ìparí 2023 ló tún ṣe Maestra, ó jẹ́ adarí àwọn olórin ńlá tó ń fi igi tọ́ka.

Ẹ bá mi kí màmá, ẹ sọ fún wọn pé ẹni wọn kò kú.

*Mà, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, ń pè mí ní “eomma.” Ó ń tẹrí bá mi dípò kó kúnlẹ̀. Ó ní Kòríà lòun ń lọ, òun á ṣe eré bíi Lee Young-ae. Ṣé kí n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀?*
Ìyá Abíkẹ́, Agége

Má gba fóònù. “Eomma” kì í ṣe èébú, “màámi” ni. Sọ fún un pé ọmọ Kòríà máa ń kúnlẹ̀ forí kanlẹ̀ fún òbí rẹ̀ ní ọjọ́ ọdún tuntun, nítorí náà kó kúnlẹ̀ dáadáa fún ìwọ náà, yálà ti ibí tàbí ti ibẹ̀. Tí o bá gbọ́ tó pe ọmọkùnrin kan ní “oppa,” ìgbà yẹn ni kí o jókòó tì í, torí pé ẹ̀gbọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọge wọn ń fi pe ẹni tí wọ́n ń fẹ́.

Tó bá fẹ́ kọ́ èdè náà, ilé àṣà Kòríà wà ní Abuja láti 2010, wọ́n ń kọ́ ènìyàn. Èdè kì í ṣòfò. Ní ti eré, èmi ò ní parọ́ fún ọ: òṣèré aláwọ̀ dúdú nínú eré wọn kò wọ́pọ̀, ipò kékeré ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fún wọn. Kó ṣe WAEC rẹ̀ ná. Ìyá rẹ̀ tó wọ iléèwé láti kọ́ èdè Jámánì kó tó máa ṣe eré, sọ ìyẹn fún un, kó sọ fún ọ bóyá òun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lee Young-ae ni mò ń pè ní ìyá rẹ̀ o. Ìwọ lo bí i.

*Ìyá Oníkásẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ ọ́ ní oṣù tó kọjá pé Saimdang ni àwòrán rẹ̀ wà lórí owó 5,000 won. Mo gbé Seoul fún ọdún mẹ́ta, mo sì ná owó náà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.*
Ẹ̀gbọ́n, Lafiaji

Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Orí 50,000 won ni Saimdang wà, láti 2009 tí wọ́n ti tẹ owó náà jáde. Òun ni obìnrin tí eré Saimdang dá lé, ayàwòrán ni, ó gbé ayé láti 1504 sí 1551. Ọmọ rẹ̀, Yi I, tó di ọ̀mọ̀wé ńlá, ló wà lórí 5,000. Mo gbé ìyá sórí owó ọmọ, mo sì fi ìlọ́po mẹ́wàá dín in kù. Kì í ṣe àṣìṣe àwọn atẹ̀wé, èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun, sà.